Olorì Alexandra, ilé bàbá rẹ̀, àti ohun tí àna lè ṣe fún ọba

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí wa, mo sì gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú báyìí: “Mo kà pé ọba Dẹ́nmárkì kan wà láyé àtijọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ tàn ká orí ìtẹ́ Yúróòpù. Ọ̀kan di olorì ní Ìlú Ọba, ọ̀kan di olorì ní Rọ́ṣíà, ọ̀kan sì jọba ní Gíríìsì. Báwo ni irú èyí ṣe ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ìyá kan náà? Ṣé ilé wọn lówó tàbí lágbára ju àwọn ilé ọba yòókù lọ ni? Nígbà tí ogun dé, ṣé àwọn àna wọ̀nyí dìde fún wọn?”

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Obìnrin tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ yìí ni Olorì Alexandra, aya Ọba Edward Keje. Edward yìí kan náà ni Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ kí láàfin Buckingham lọ́dún 1904, nítorí náà ayé tí à ń sọ yìí kò jìnnà sí tiwa tó bí ó ti jọ. Kí n tó máa rò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Ilé bàbá Alexandra kò lówó, kò sì lágbára, àìlágbára yìí gan-an sì ni ó mú kí àwọn alágbára gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ti àwọn àna, wọ́n ṣe púpọ̀ nínú ọ̀ràn ilé, ṣùgbọ́n wọn kò gba ẹsẹ̀ bàtà kan padà nínú ọ̀ràn ilẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé ìbínú Alexandra àti Dagmar àbúrò rẹ̀ sí Jámánì ló darí òṣèlú Yúróòpù títí ó fi di ogun ọdún 1914. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn bí a bá ṣe ń lọ.

Ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọdún 1844 ni wọ́n bí Alexandra ní Copenhagen, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ààfin Aláwọ̀ Ìyeyè ní òpópónà Amaliegade. Orúkọ yẹn ga ju ilé náà lọ, nítorí ilé ìgboro ni, kò jìnnà sí ààfin gidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Christian, jẹ́ ọmọ oyè láti ìdílé Glücksburg, ẹ̀ka kékeré kan lára ìran àwọn ọba Dẹ́nmárkì, owó iṣẹ́ ológun ni ó sì gbára lé jù láti fi bọ́ ìdílé rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Louise, wá láti Hesse-Kassel ní Jámánì, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí i lọ́mọ jẹ́ àbúrò Ọba Christian Kẹjọ ti Dẹ́nmárkì. Ọmọ mẹ́fà ni tọkọtaya yìí bí: Frederick, Alexandra, William, Dagmar, Thyra àti Valdemar. Alexandra àti Dagmar jọ ń sùn nínú yàrá kan lábẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń wọlé. Wọ́n ń rán aṣọ ara wọn fúnra wọn, ìyá wọn ló sì kọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn ọmọ ọba mìíràn ń kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ tí a sanwó fún. Ìfẹ́ tí ó wà láàárín àwọn ọmọbìnrin méjèèjì yìí kò dín kù títí tí wọ́n fi di arúgbó. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ni ó gbé ìdajì ìtàn yìí ró.

Bí oyè ṣe dé ilé wọn yẹ ní fífara balẹ̀ wò. Nígbà tí Christian Kẹjọ wàjà lọ́dún 1848, Frederick Keje ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ó ti kọ ìyàwó méjì sílẹ̀ láìbí àrẹ̀mọ. Ní Dẹ́nmárkì fúnra rẹ̀, ẹ̀tọ́ oyè lè gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá. Ní Holstein, tí ọba Dẹ́nmárkì ń ṣàkóso ṣùgbọ́n tí ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ Jámánì, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí Frederick bá kú láìlọ́mọ, ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso lè pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, Schleswig tí ó wà láàárín, tí àwọn ará Dẹ́nmárkì àti àwọn ará Jámánì jọ ń gbé inú rẹ̀, yóò sì di ohun ìjà. Àwọn tí ó ṣe afọbajẹ fún Dẹ́nmárkì nígbà náà kì í ṣe ọmọ ilé rárá. Ìlú Ọba, Rọ́ṣíà, Faransé, Ọ́stríà, Prussia (ìjọba ńlá kan láàárín àwọn ilẹ̀ Jámánì) àti Swídìn péjọ sí London ní oṣù Karùn-ún ọdún 1852, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé Christian ni yóò jogún gbogbo rẹ̀ ní odindi. Ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀ ni pé ó jẹ́ ọkùnrin láti ìlà ọkùnrin, pé kò bá wọn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ará Schleswig àti Holstein ṣọ̀tẹ̀ lọ́dún 1848, àti pé ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, èyí tí àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó súnmọ́ oyè ti yọ̀ǹda tiwọn kún. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí ọba kankan tí ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìdáhùn sí apá kìíní ìbéèrè yín wà níbí: ẹni tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára ni gbogbo ẹnu kò lé lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ṣe rí nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà tó ẹni tí à ń wá fún ìgbéyàwó.

Ọbabìnrin Victoria àti Albert ọkọ rẹ̀ ń wá ìyàwó fún àrẹ̀mọ wọn, Albert Edward, tí àwọn ará ilé ń pè ní Bertie. Ọmọ náà kò gbọ́ràn tó bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n sì rò pé ìyàwó yóò mú un fara balẹ̀. Alárenà ni Vicky, àkọ́bí ọmọbìnrin wọn, tí òun fúnra rẹ̀ ti wà nílé ọkọ ní Prussia gẹ́gẹ́ bí aya àrẹ̀mọ ibẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ ọba Jámánì títí, ọ̀kan kò wù ú, ló bá tọ́ka sí ọmọ Dẹ́nmárkì. Inú Victoria kò dùn sí orúkọ ilẹ̀ yẹn, nítorí gbogbo ìdílé rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ ni ó fi sí ọ̀dọ̀ Jámánì nínú ìjà Schleswig àti Holstein, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí fọ́tò ọmọ náà, kò lè sọ pé kò rẹwà. Ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1861 ni wọ́n ṣètò kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin náà “pàdé lójijì” nínú ilé ìjọsìn ńlá ìlú Speyer. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà Albert kú. Victoria di ẹ̀bi ikú ọkọ rẹ̀ ru ọmọ rẹ̀, nítorí ọ̀ràn obìnrin kan tí Bertie ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ sí, ó sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ètò ìgbéyàwó bí ẹni tí ó ń mú àṣẹ òkú ṣẹ. Bertie ní kí Alexandra fẹ́ òun ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1862, ní ààfin Laeken ní Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dọ̀ Ọba Leopold tí ó jẹ́ àbúrò ìyá Victoria.

Wọ́n gbéyàwó ní Windsor ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 1863, nínú ilé ìsìn St George. Àwọn ará London ti tò sójú pópó ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú láti rí ìyàwó tí ó gba Gravesend wọlé, ogunlọ́gọ̀ náà sì pọ̀ débi pé àwọn kan farapa. Nínú ilé ìsìn náà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú rí. Ìyá ọkọ kò jókòó pẹ̀lú àwọn èèyàn. Ó wà nínú yàrá kékeré kan lókè pẹpẹ, nínú aṣọ dúdú opó, ó ń wo ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ láti òkè, a sì ti pàṣẹ fún àwọn obìnrin ààfin pé aṣọ eérú tàbí àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni kí wọ́n wọ̀, nítorí ọ̀fọ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni ìyàwó.

Ọdún 1863 yìí ṣe nǹkan sí ilé aláwọ̀ ìyeyè yẹn tí kò wọ́pọ̀ nínú ìtàn ọba. Ní oṣù ìgbéyàwó náà gan-an, àwọn aṣòfin Gíríìsì, tí wọ́n ti lé ọba wọn àtijọ́ kúrò, dìbò yan William, àbúrò Alexandra, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ Alfred, ọmọ Victoria, ṣùgbọ́n àdéhùn tí ó wà láàárín àwọn ìjọba ńlá kò gbà kí ọmọ ọ̀kan nínú wọn jẹ ẹ́. Ẹ tún rí i: wọ́n ń wá ẹni tí kò ní sọ Gíríìsì di ti ìjọba ńlá kankan. William gba orúkọ George Kìíní, Ìlú Ọba sì fi àwọn erékùṣù Ionia ta Gíríìsì lọ́rẹ nígbà tí ó gun orí ìtẹ́. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, Frederick Keje wàjà, bàbá wọn sì di Ọba Christian Kẹsàn-án. Báyìí ni ọmọ ṣe jọba kí bàbá tó jọba, tí ọmọbìnrin sì ti wọ ilé ọkọ kí bàbá rẹ̀ tó dé adé.

Adé náà wúwo láti ọjọ́ kìíní. Àwọn aṣòfin Copenhagen ti ṣe òfin tuntun kan tí yóò so Schleswig mọ́ Dẹ́nmárkì tímọ́tímọ́, èyí tí ó lòdì sí àdéhùn tí wọ́n ṣe ní London. Christian mọ ewu tí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, àwọn ará ìlú tí wọ́n ti ń fura sí i pé ará Jámánì ni yóò yí padà sí i. Ní ọjọ́ kẹta tí ó gorí oyè ni ó fọwọ́ sí i. Ohun tí Bismarck, olórí ìjọba Prussia, ń wá gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 1864, àwọn ọmọ ogun Prussia àti ti Ọ́stríà wọ Schleswig.

Ibí ni ìbéèrè yín kejì ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ìyàwó àrẹ̀mọ Ìlú Ọba jẹ́ ọmọ ọba tí wọ́n ń bá jà. Olórí ìjọba Ìlú Ọba, Palmerston, ti sọ nílé aṣòfin ní oṣù Keje ọdún 1863 pé ẹni tí ó bá fẹ́ fipá gba ẹ̀tọ́ Dẹ́nmárkì yóò rí i pé kì í ṣe Dẹ́nmárkì nìkan ni òun yóò bá jà. Bertie dúró gbọn-in lẹ́yìn àna rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Alexandra fúnra rẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀, Albert Victor, ní ọjọ́ 8, oṣù Kìíní, ọdún 1864, bí oṣù méjì ṣáájú àsìkò, ìkókó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìròyìn ogun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní ìhà kejì, ọkọ Vicky tí ó ṣe alárenà wà láàárín àwọn ọ̀gá ogun Prussia tí wọ́n ń lé àwọn ọmọ ogun bàbá ìyàwó. Victoria alára ń ti Jámánì lẹ́yìn. Ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ti àárín tábìlì pín sí méjì.

Kí ni Ìlú Ọba ṣe? Wọ́n pe ìpàdé sí London láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ìpàdé náà fọ́ láìsí èso. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, Prussia ti fipá gba odi Dybbøl. Agbára Ìlú Ọba wà lójú omi, ọkọ̀ ojú omi kò sì lè dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun dúró lórí ilẹ̀. Faransé kò ṣe tán láti bá wọn lọ, Rọ́ṣíà kò fẹ́ bá Prussia jà, ìgbìmọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ pín, ọbabìnrin sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pé òun kò fẹ́ ogun pẹ̀lú Jámánì. Nínú gbogbo ìdí wọ̀nyí, kò sí èyí tí omijé ìyàwó ilé lè yí padà. Ní oṣù Kẹwàá, Christian fọwọ́ sí i ní Vienna pé òun fi Schleswig, Holstein àti Lauenburg sílẹ̀, ó tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ilẹ̀ tí ó jogún.

Láti ìgbà náà ni Alexandra kò ti fẹ́ràn Prussia mọ́ láéláé. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi dara pọ̀ mọ́ ọn nínú ìbínú yìí: lọ́dún 1866, Prussia gba ìjọba Hanover, àrẹ̀mọ tí wọ́n gba oyè mọ́ lọ́wọ́ ní Hanover sì ni Thyra, àbúrò Alexandra, fẹ́ lọ́dún 1878. Nígbà tí wọ́n fi George, ọmọkùnrin Alexandra kejì, jẹ oyè ìdánilọ́lá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prussia kan lọ́dún 1890, ó kọ lẹ́tà sí i, ó fi aṣọ àti akoro ọmọ ogun Jámánì ṣe ẹlẹ́yà, ó ní òun kò mọ̀ pé òun yóò wà láyé rí irú rẹ̀, kí ó tó wá tù ú nínú pé àjálù ni ó bá a, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ní ọdún kan náà, ìjọba Ìlú Ọba fẹ́ fi erékùṣù Heligoland fún Jámánì kí Jámánì lè gbà pé Zanzibar bọ́ sábẹ́ ààbò Ìlú Ọba. Erékùṣù yẹn ti jẹ́ ti Dẹ́nmárkì rí, kí Ìlú Ọba tó gbà á nígbà ogun Napoleon. Alexandra ta kò ó, ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti fi hàn pé ẹni tí ó bá ní Heligoland ni ó ń ṣọ́ ẹnu odò Elbe. Òótọ́ ni ó sọ, nítorí Jámánì sọ ọ́ di ibùdó ọkọ̀ ogun lẹ́yìn náà. Wọ́n fi erékùṣù náà sílẹ̀ síbẹ̀.

Dagmar ńkọ́? Wọ́n ti dá a lọ́nà fún Nicholas, àrẹ̀mọ Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kú ní Nice ní oṣù Kẹrin ọdún 1865. Àbúrò rẹ̀, Alexander, ni ó gba oyè àrẹ̀mọ, ó sì gba ìyàwó àfẹ́sọ́nà pẹ̀lú. Èyí kò ní ya ẹni tí ó mọ àṣà ṣíṣú obìnrin lópó nílẹ̀ wa lẹ́nu. Wọ́n gbéyàwó ní oṣù Kọkànlá ọdún 1866, Dagmar gba orúkọ Maria Feodorovna, ìgbéyàwó tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀fọ̀ yìí sì dára ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ fíìfíì. Alexander di Tsar, ìyẹn ọba Rọ́ṣíà, lọ́dún 1881 lẹ́yìn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi bọ́ǹbù pa bàbá rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ẹbí yìí máa ń padà sí Dẹ́nmárkì, sí ààfin Fredensborg, pẹ̀lú ọmọ, ọmọ ọmọ, ìránṣẹ́ àti ajá. Ayàwòrán Laurits Tuxen ya wọ́n pọ̀ sínú àwòrán ńlá kan tí ó parí lọ́dún 1886, wọ́n kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Níbẹ̀ ni Tsar Rọ́ṣíà, ọkùnrin gìrìwò tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń lépa nílé, ti ń bá àwọn ọmọdé ṣeré nínú ọgbà láìbẹ̀rù. Bismarck ń ṣọ́ ìpàdé wọ̀nyí, ó gbà pé àwọn obìnrin ilé náà ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Àwọn tí wọ́n sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá májẹ̀mú tí ó yí Jámánì ká sílẹ̀ kò wo ọdún dáadáa. Faransé àti Rọ́ṣíà di ọ̀rẹ́ nítorí pé Jámánì fúnra rẹ̀ kọ̀ láti tún àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Rọ́ṣíà ṣe lọ́dún 1890, àti nítorí pé owó yíyá tí Rọ́ṣíà nílò wà ní Paris. Àdéhùn Ìlú Ọba pẹ̀lú Faransé lọ́dún 1904 dá lórí Íjíbítì àti Mòrókò. Èyí tí wọ́n bá Rọ́ṣíà ṣe lọ́dún 1907 dá lórí Páṣíà, Afghanistan àti Tibet. Ó dájú pé ó rọrùn fún Edward àti Alexandra láti bá Tsar Nicholas Kejì, ọmọ Dagmar, jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi ní Reval (Tallinn lónìí) lọ́dún 1908 nítorí pé ọmọ ẹbí ni, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn ìjókòó kò jọ ìdí tí a fi pe ìpàdé.

Ní ti ilé tirẹ̀, ọmọ mẹ́fà ni Alexandra bí láàárín ọdún 1864 sí 1871, èyí tí ó kẹ́yìn kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ láyé. Nígbà oyún kẹta, lọ́dún 1867, ibà làkúrègbé kọlù ú, ó fi orúnkún kan sílẹ̀ ní líle fún gbogbo ayé rẹ̀, àwọn obìnrin àwùjọ London kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro láti fi ṣe oge bíi tirẹ̀. Etí rẹ̀ ń di díẹ̀díẹ̀ bí ti ìyá rẹ̀, ó sì sé e mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nínú àwùjọ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn. Ọkọ yẹn ní àlè, kò fi bò, ìyàwó mọ̀ wọ́n, ó sì gbà kí ọ̀kan nínú wọn, Alice Keppel, wá kí i nígbà tí ó ń kú lọ lọ́dún 1910. Àwọn kan pe èyí ní ìwà ọmọlúàbí, àwọn kan pè é ní ojú ayé. Èmi rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa jà fún ohun tí kò lè rí gbà. Ohun tí ó dùn ún jù ni ikú Albert Victor, tí àrùn gágá àti òtútù àyà pa ní Sandringham ní oṣù Kìíní ọdún 1892, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá a tọrọ Mary ti ìdílé Teck. George àbúrò rẹ̀ ni ó fẹ́ Mary lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ẹ sì rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Dagmar tún ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí ó fi jẹ́ olorì kò gùn, láti 1901 sí 1910. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1902, ó sì fẹ́ràn kámẹ́rà Kodak débi pé ó kó àwọn fọ́tò tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yà jọ sínú ìwé ẹ̀bùn Kérésìmesì lọ́dún 1908, tí wọ́n tà láti fi owó rẹ̀ ran àwọn aláìní lọ́wọ́. Lọ́dún 1905, nígbà tí Nọ́wè ya kúrò lára Swídìn, ọkọ ọmọ rẹ̀ Maud, Carl, tí ó tún jẹ́ ọmọ Frederick ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni àwọn ará Nọ́wè fi jọba pẹ̀lú orúkọ Haakon Keje. Ọgbọ́n àtijọ́ tún ṣiṣẹ́: ọmọ ilé kékeré, aya rẹ̀ ọmọ ilé ńlá. Lónìí, Charles Kẹta ti Ìlú Ọba, Frederik Kẹwàá ti Dẹ́nmárkì, Harald Karùn-ún ti Nọ́wè, Felipe Kẹfà ti Sípéènì àti Philippe ti Bẹ́ljíọ̀mù, ìran Christian Kẹsàn-án ni gbogbo wọn, Charles tilẹ̀ gba ọ̀nà méjì débẹ̀, nítorí pé ọmọ ọmọ George ti Gíríìsì ni bàbá rẹ̀.

George ti Gíríìsì yìí ni ẹnìkan yìnbọn pa ní Thessaloniki ní oṣù Kẹta ọdún 1913, ó ku díẹ̀ kí ó pé àádọ́ta ọdún lórí oyè. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánwò tí ó le jù dé. Nicholas Kejì, ọmọ Dagmar, fi ìtẹ́ Rọ́ṣíà sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1917. George Karùn-ún, ọmọ Alexandra, ni ó ń jọba ní Ìlú Ọba nígbà náà. Ọmọ obìnrin méjì tí ó jọ sùn nínú yàrá kan lábẹ́ òrùlé ni wọ́n, ojú wọn sì jọra débi pé àwọn èèyàn máa ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ìjọba Ìlú Ọba kọ́kọ́ gbà láti fún Nicholas ní ibi ìsádi. Kò pẹ́ tí akọ̀wé ọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn mínísítà pé kí wọ́n fà sẹ́yìn, nítorí pé ọba ń bẹ̀rù ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ yóò sọ, pàápàá nítorí aya Nicholas tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì. (Alexandra ni orúkọ tirẹ̀ náà, ẹ má ṣe pa àwọn méjèèjì pọ̀ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe.) Ní oṣù Keje ọdún 1918, wọ́n pa Nicholas, aya rẹ̀ àti ọmọ wọn márààrún ní Yekaterinburg. Ẹ̀jẹ̀ wà láàárín wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọba tí ó fẹ́ kí adé òun dúró ló kọ̀wé, kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá.

Dagmar ní tirẹ̀, wọ́n gbà á là. Ó wà ní Crimea, kò fẹ́ kúrò, ó ń retí ọmọ rẹ̀. Alexandra rọ George títí, George sì rán ọkọ̀ ogun Marlborough lọ ní oṣù Kẹrin ọdún 1919, pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀. Kí Dagmar tó gbà láti wọ ọkọ̀ náà, ó ní kí wọ́n kó àwọn tí ó wà nínú ewu pẹ̀lú òun. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London àti Sandringham, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti dàgbà, ọ̀kan kò gbọ́ràn mọ́, ilé ọ̀kan sì ni èkejì ń gbé bí àlejò. Ó padà sí Dẹ́nmárkì, lọ́dọ̀ Ọba Christian Kẹwàá ọmọ Frederick, tí ó le lórí owó. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọba rán ìránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí ó pa díẹ̀ nínú iná mànàmáná nítorí owó iná ti pọ̀ jù. Dagmar pe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí ó tan gbogbo iná ilé láti ìsàlẹ̀ dé òkè. George Karùn-ún ni ó wá ń fún un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pọ́n-ùn lọ́dún, ó sì ń gbé ní Hvidøre, ilé etí òkun tí òun àti Alexandra jọ rà lọ́dún 1906 lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Títí ó fi kú níbẹ̀ lọ́dún 1928, kò gbà pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú. Alexandra ti ṣáájú rẹ̀ lọ, ní Sandringham, ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1925.

Ilẹ̀ tí bàbá wọn pàdánù wá ńkọ́? Alexandra wà láyé nígbà tí apá kan rẹ̀ padà. Wọ́n ṣẹ́gun Jámánì nínú ogun ọdún 1914 sí 1918, àdéhùn Versailles sì pàṣẹ pé kí àwọn ará Schleswig dìbò fúnra wọn. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejì, ọdún 1920, ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin àwọn tí ó dìbò ní apá àríwá sọ pé Dẹ́nmárkì ni wọ́n fẹ́. Apá tí ó wà ní gúúsù rẹ̀ yan Jámánì ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Holstein kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ní oṣù Keje, Christian Kẹwàá gun ẹṣin funfun kọjá ààlà àtijọ́. Dẹ́nmárkì kò jagun kankan nínú ogun yẹn, kò sì sí àna kankan tí ó bá wọn gba ilẹ̀ náà. Ìwé ìdìbò àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò tí ń gbé lórí rẹ̀ ni ó dá a padà.